Kẹ́ ẹ tó kó wọ ilé tuntun

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú tẹ́ ẹ ń múra àtikó wọ ilé tuntun. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe pákó MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ ṣe, máa ń tú formaldehyde síta, ìyẹn gáàsì kan tí òórùn ẹ̀ le. Ó ń ta ojú àti ọ̀fun, ooru àti ọ̀rinrin sì máa ń jẹ́ kó pọ̀ sí i. Ẹ ní kí kápẹ́ńtà bo etí pákó tó wà ní ìhòòhò, pàápàá ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n máa ń fò. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà sílẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé méjèèjì kí atẹ́gùn ọ̀sà gba àárín kọjá, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sun tùràrí lé òórùn yẹn, èéfín lẹ kàn ń fi kún un. Fún yàrá ọmọ, ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò ni kẹ́ ẹ rà.