Bí Mo Ṣe Mọ Irú Òkúta Ojú Ọ̀run Kan ní Akọka

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta òkúta iyebíye ní Ìdúmọ̀tà ló gbé e wá sí yàrá àyẹ̀wò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Akọka. Ó ní Agadez, ní orílẹ̀-èdè Niger, ni wọ́n ti gbé e dé. Òun fẹ́ mọ̀ bóyá ojú ọ̀run ló ti já bọ́. Èmi fẹ́ mọ irú èyí tó jẹ́ pẹ̀lú.

Ìdàrọ́ irin ni ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn èèyàn ń gbé wá, ihò wẹ́wẹ́ ló sì máa ń kún inú rẹ̀. Èyí kò ní ihò. Èèpo dúdú tín-ín-rín bò ó lára, òòfà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo wọ̀n ọ́n lókè, mo wọ̀n ọ́n nínú omi: ìlọ́po 3.4 ni ó fi wúwo ju omi lọ. Òkúta akọ tí a fi ń kọ́lé kì í ju nǹkan bí 2.7 lọ.

Nígbà tí a fẹ́ gé e, sípírítì ni mo ní kí wọ́n máa dà sí abẹ náà, torí omi máa ń mú kí irin inú rẹ̀ dípẹtà. Irin wẹ́wẹ́ pọ̀ lójú ibi tí a gé. Ọkàn mi ti ń lọ sí ìsọ̀rí H, àwọn tí irin tó dá wà pọ̀ nínú wọn ju ti ìsọ̀rí L àti LL lọ, ṣùgbọ́n n kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú lásán kò tó fún irú ìdájọ́ yẹn.

A wá lọ̀ ọ́ títí ó fi fẹ́lẹ́ dé mílímítà 0.03. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Olivine àti pyroxene ni èròjà tó pọ̀ jù nínú irú òkúta yìí. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, olivine tan búlúù, ó tan àwọ̀ ewé, ó tan pupa. Pyroxene rọra ṣe eérú. Àárín wọn ni chondrule wà, àwọn róbótó wẹ́wẹ́ tí iná yọ́ tí wọ́n sì dì ní ohun tó lé ní bílíọ̀nù ọdún 4.5 sẹ́yìn. Nínú òmíràn, olivine tò ní ọ̀pá-ọ̀pá. Nínú òmíràn, pyroxene tàn ká láti ojú kan. Kò sí òkúta ayé tó ní wọn, nítorí náà a ti dá ẹ̀gbọ́n lóhùn. Kì í ṣe gbogbo òkúta ojú ọ̀run ló ní wọn o: Zagami tó já bọ́ ní Katsina lọ́dún 1962 kò ní, torí Mars ló ti wá.

Van Schmus àti Wood, àwọn onímọ̀ òkúta ojú ọ̀run, ló to ìpele ooru, ìyẹn bí ooru ṣe yí òkúta tó ní chondrule padà tó, ní 1967. Ní ìpele 3, chondrule dá yàtọ̀ bíi hóró ẹ̀wà. Ní ìpele 6, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀wà àgànyìn. Etí àwọn chondrule tiwa ti ń wọ ara wọn, ṣùgbọ́n a ṣì rí wọn, hóró plagioclase, èròjà mìíràn inú rẹ̀, kò sì tó mílímítà 0.05. Ìpele 5 ni mo kọ.

Ìpele ooru kò sọ ìsọ̀rí. Iye irin inú olivine, tí a bá fi wé àpapọ̀ irin àti magnesium inú rẹ̀, ló ń sọ ọ́: 16 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún fún H, nǹkan bí 22 sí 26 fún L, LL sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. A fi ègé kan ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò kan lókè òkun. Èsì dé: 18.7. H5 ni.

Mo ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n pé H5 wọ́pọ̀, àti pé gíráàmù 20, tàbí ìdá kan nínú márùn-ún bí òkúta bá kéré, gbọ́dọ̀ wà ní ìpamọ́ kí ó tó gba orúkọ. Ó gbà. Ó bi mí bóyá wọ́n lè sọ ọ́ ní Ìdúmọ̀tà. Mo ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ibi tí wọ́n ti rí i he ni wọ́n máa ń fi sọ ọ́."