"Ich helfe dich" ni àbí "Ich helfe dir"? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí èdè Jámánì

Ìbéèrè: Mo fẹ́ sọ pé mo ń ràn ọ́ lọ́wọ́, mo kọ "Ich helfe dich", olùkọ́ fi bírò pupa fagi lé e. Ṣebí "Ich sehe dich" (mo rí ọ) tọ̀nà?

Ìdáhùn: Ó tọ̀nà, helfen (ràn lọ́wọ́) ló yàtọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà nínú èdè Jámánì tó jẹ́ pé Dativ (ìrísí bíi mir, dir) ni wọ́n ń gbà, wọn kì í gba Akkusativ (ìrísí bíi mich, dich): helfen, danken, folgen, gehören, vertrauen, gratulieren. "Ich helfe dir" ni, "Ich danke Ihnen" ni. Ẹ má fi ìtumọ̀ mọ̀ ọ́n o. Ìrànlọ́wọ́ náà ni unterstützen, síbẹ̀ "Ich unterstütze dich" ni wọ́n ń sọ. Antworten (dáhùn) ń gba Dativ, fragen (béèrè) ń gba Akkusativ: "Sie fragt mich, ich antworte ihr." Inú ìwé atúmọ̀-èdè ni kí ẹ ti wò ó. Ìwé atúmọ̀-èdè Duden máa ń kọ jmdm. (ìkékúrú jemandem, "ẹnì kan") fún Dativ, jmdn. (jemanden) fún Akkusativ, m àti n yẹn ni kí ojú yín máa wá. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ náà ni kí ẹ ti há a sórí pé jemandem helfen.

Ìbéèrè: Gefallen (kí nǹkan wu ènìyàn) ló ń dà mí láàmú jù. "Ich gefalle das Kleid" ló máa ń bọ́ sí mi lẹ́nu.

Ìdáhùn: Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi ń rò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Yorùbá rò ó, nítorí ohun tí a ti ní nílé nìyí! A máa ń sọ pé "Ẹ̀wù yìí wù mí." Ẹ̀wù ni olùwà, èmi ló wù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Jámánì ṣe tò ó: "Das Kleid gefällt mir." Ó bá mi mu: "Es passt mir." Orí ń fọ́ mi: "Der Kopf tut mir weh." Àárò rẹ ń sọ mí: "Du fehlst mir." Nínú tiwa, àárò ni olùwà, nínú tiwọn, ìwọ ni, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí èmi ti jẹ́ olùwà nínú méjèèjì. Ẹ kíyè sí i pé ohun tó wuni ni ọ̀rọ̀-ìṣe ń tẹ̀ lé. Bí bàtà bá ju ẹyọ kan lọ, "Die Schuhe gefallen mir" ni.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo kọ "Ich helfe den Patienten", aláìsàn ọkùnrin kan ṣoṣo ni mo sì ní lọ́kàn. Wọ́n ní mo ti sọ ọ́ di púpọ̀.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí helfen bá ti wà níbẹ̀, den di ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọkùnrin kan: dem Patienten. Obìnrin kan: der Patientin. Bí wọ́n bá pọ̀, ọ̀rọ̀-orúkọ gbọ́dọ̀ ní n nídìí: den Kindern, kì í ṣe den Kinder. Àwọn tó ń fi s parí kì í gbà á: den Babys.

Ìbéèrè: Bí mo bá fẹ́ sọ pé wọ́n ràn mí lọ́wọ́, ṣé mo lè sọ pé "Ich wurde geholfen"?

Ìdáhùn: Rárá o. Dativ kì í di olùwà. "Mir wurde geholfen" ni. Kódà bí àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ bá pọ̀, wurde náà ni: "Den Kindern wurde geholfen."