Bí mo ṣe ń bá ọmọ mi ṣe àpèkọ nílé láìsí ẹkún

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, wọ́n ní kó kọ gbólóhùn kan wá láti ilé, ló bá kọ ọ́ pé "Dádì mi ra ọkọ tuntun." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, àmọ́ bàbá ẹ̀ ò rẹ́rìn-ín o. Ọkọ̀ ló fẹ́ kọ. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé pípè tí mò ń pe ọ̀rọ̀ fún un, tó bá ti ṣì í kọ kí n jágbe mọ́ ọn, kò gbé wa débì kankan. Ohun tí mo wá ń ṣe báyìí nìyí.

Ẹ má tíì fún un ní bírò. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀ náà sókè, kó máa pàtẹ́wọ́ sí i bó ṣe ń gé e: bà-tà, ẹ̀ẹ̀mejì, à-gbà-do, ẹ̀ẹ̀mẹta, a-a-go, ẹ̀ẹ̀mẹta. Tó bá pàtẹ́wọ́ aago lẹ́ẹ̀mejì péré, ẹ ti mọ̀ pé "ago" ló máa kọ, ife nìyẹn, kì í ṣe èyí tó wà lára ògiri. Pàǹtí náà ẹ̀ẹ̀mẹta ni, torí ǹ àárín yẹn ní ohùn tiẹ̀, àmọ́ n tó wà ní ìdí ọsàn ò gba àtẹ́wọ́ kankan, imú ló kàn gbà kọjá.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ohùn. Dò re mí ni kẹ́ ẹ lò, ẹ ní kó kùn ún láì la ẹnu, ọkọ re-re, ọkọ̀ re-dò, ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko re-mí. Àwọn ọmọ fẹ́ràn èyí gan-an, tèmi á máa kùn orúkọ gbogbo ará ilé títí orí á fi fọ́ mi. Tó bá ti kùn ún tán ló tó máa fi àmì sí i, dò wálẹ̀, mí gòkè, re ò gba nǹkan kan.

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù ni ABC Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti kọ́ ṣáájú. Lẹ́tà 25 ni ábídí tiwa, kò sí c, q, v, x àti z níbẹ̀, gb sì jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo. Ọmọ tó ti mọ Gẹ̀ẹ́sì á kọ "shibi", á kọ "kpako", kì í ṣe pé kò mọ̀wé o, ohun tó gbọ́ ló kọ. Mo gé páálí kọnfíléèsì sí 25, mo kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí i, mo wá fi bírò pupa kọ ẹ, ọ àti ṣ torí dọ́ọ̀tì abẹ́ wọn tó máa ń gbàgbé. Òun ló máa ń to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Wọ́n tún máa ń kọ "omin". Ẹ ṣàlàyé fún un pé m àti n ti ń gba imú tẹ́lẹ̀, kò nílò n mìíràn lẹ́yìn: omi, imú, ẹnu. Ti ọn àti an ńkọ́? Ẹ gbé dígí síwájú ẹ̀. Tí ètè bá bá lẹ́tà tó ṣáájú ẹ̀ ṣiṣẹ́, ọn la máa kọ, bíi ìbọn, ọpọ́n, gbọ́n. Tí ètè ò bá ṣe nǹkan kan, an ni, bíi iyán, ìtàn, ọsàn.

Ọ̀rọ̀ márùn-ún ti tó lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, lẹ́yìn tó bá ti jẹun, kí wọ́n tó tan tẹlifíṣọ̀n. Kó wò ó, kó pè é, kó bò ó, kó kọ ọ́, kó ṣí i wò. Tó bá ṣì í, ẹ má ní kó kọ ọ́ nígbà ogún, ẹ ní kó ka ohun tó kọ gẹ́lẹ́ síta, kì í ṣe ohun tó ní lọ́kàn, á fúnra ẹ̀ rí i.

Ẹ̀yin tí ìyá àgbà ń gbé lọ́dọ̀ yín, ẹ kíyè sí i o. Àwọn tó kàwé ṣáájú àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀ lọ́dún 1974 ṣì ń kọ "aiye", "enia" àti "nwọn". Màmá mi bá ọmọ jà lórí ìyẹn lọ́jọ́ kan, mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, ti ayé wọn náà dáa, àmọ́ ti tíṣà ni ká kọ fún tíṣà.

Lọ́jọ́ Sátidé, òun ló ń kọ líìsì ọjà. Bó bá ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe máa ń kà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó kọ ata, àlùbọ́sà, ẹwà, mo dé láti ọjà mo ní mi ò rí ẹwà rà, pé wọn kì í tà á. Ó wo ìwé yẹn lọ, ó wò ó bọ̀, ó wá pariwo: "Mámi, dò-dò ni!"