Ryzen 5 5600 àti Core i5-12400F: nígbà tí géèmù ò yá sí i

Prósẹ́sọ̀ méjì kan wà tí ọkàn àwọn tó fẹ́ to kọ̀ǹpútà orí tábìlì láìdá owó ńlá sílẹ̀ máa ń ṣe méjì lé lórí: Ryzen 5 5600 ti AMD àti Core i5-12400F ti Intel. Ọdún 2022 ni méjèèjì jáde, ti Intel ní oṣù kìíní, ti AMD ní oṣù kẹrin. Core 6 (ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́) àti thread 12 (ọ̀nà iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 4.4 GHz sì ni eré tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè sá mọ. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbejì. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìbéèrè tó ń dé ọ̀dọ̀ mi kì í fi í sábà jẹ́ “èwo ló yá jù”. “Mo ti rà á, kí ló dé tí mi ò rí ìyàtọ̀?” ló pọ̀ jù.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo yọ Ryzen 5 2600 kúrò nínú kọ̀ǹpútà mi, mo fi 5600 rọ́pò rẹ̀. FPS (iye àwòrán tí géèmù ń gbé síta ní ìṣẹ́jú àáyá kan) inú géèmù mi ò kúrò lójú kan: 58, 60, 58. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni, àbí 12400F ló yẹ kí n ti rà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì pe ẹni tó tà á fún yín ní olè. Gbogbo àwòrán tí géèmù bá gbé síta, àwọn méjì ló jọ ṣe é. Prósẹ́sọ̀ ló ń ṣírò ibi tí ọ̀tá wà, ibi tí ọta ìbọn máa bà, ohun tó yẹ kó hàn àti èyí tí kò yẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò ju iṣẹ́ sí káàdì àwòrán pé kó yà á. Bí ẹni méjì bá jọ gbé igi, ẹni tó lọ́ra nínú wọn ló ń pinnu ìgbà tí wọ́n máa délé. Tí káàdì yín bá ti ń ṣiṣẹ́ dé góńgó, ẹ ò báà fi prósẹ́sọ̀ tó lágbára ju 5600 lọ ní ìlọ́po méjì síbẹ̀, ṣe ni yóò káwọ́ gbera, tí yóò máa dúró de káàdì.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí. Ẹ wá ibi kan nínú géèmù náà tí èrò ti pọ̀, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ wo FPS. Ẹ wá sọ resolution (iye ojú àmì tó wà nínú àwòrán) kalẹ̀ láti 1080p sí 720p, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, kí ẹ tún wo ibì kan náà. Bí FPS bá fò sókè, káàdì ló ń fà yín sẹ́yìn. Bí kò bá mira, ó di ọ̀rọ̀ prósẹ́sọ̀, tàbí RAM, tàbí ohun kan tó de FPS náà mọ́lẹ̀.

Ní tiyín, ohun ìkẹyìn yẹn ni mo kọ́kọ́ fura sí. FPS tó bá ń yí 60 ká bí ẹran tí wọ́n so mọ́ èèkàn, V-Sync (ètò tó ń mú kí FPS bá eré mọ́nítọ̀ mu) ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀, tàbí òdiwọ̀n tí ẹnì kan ti yàn nínú géèmù tó sì ti gbàgbé. Ẹ yẹ Windows náà wò: mọ́nítọ̀ 144 Hz (tó lè yí àwòrán padà nígbà 144 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tí wọ́n fi sílẹ̀ sórí 60 Hz wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ wọ Settings, System, Display, Advanced display, ibẹ̀ ni ẹ ti máa tún un ṣe.

Ohun kan wà tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Wọ́n á ṣí Task Manager, wọ́n á rí i pé prósẹ́sọ̀ wà ní 35%, wọ́n á ní “agbára ṣì kù dáadáa”. Ó lè máà kù. Ìpíndọ́gba gbogbo thread 12 ni 35% yẹn. Ó ṣeé ṣe kí thread kan ṣoṣo tí géèmù gbára lé ti kún dẹ́nu, kí àwọn yòókù sì máa sùn. Ìwọ̀n iṣẹ́ káàdì ni kí ẹ máa wò. Bó bá wà ní 97% sókè, káàdì ni ẹrù wọ̀ lọ́rùn. Bó bá wà ní 60%, tí kò sì sí ohun tó de FPS, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó yíjú sí prósẹ́sọ̀.

Láti 2600 dé 5600 kì í ṣe ọ̀nà kékeré. Cache L3 (ibi ìrántí kékeré tó yá nínú prósẹ́sọ̀) ti 2600 jẹ́ 16 MB, wọ́n sì pín in sí ọ̀nà méjì. Ti 5600 jẹ́ 32 MB tí gbogbo core jọ ń lò. Ìyàtọ̀ yẹn á hàn tí ẹ bá gbé káàdì tó tóbi jù síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ káàdì ló ń dá yín dúró lónìí, 12400F ò ní ṣe yín ní oore kankan tí 5600 ò ṣe.

Ìbéèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ to kọ̀ǹpútà pẹ̀lú 12400F. Fáànù ń yí, iná ń tàn, àmọ́ mọ́nítọ̀ dúdú. Mi ò tíì ra káàdì àwòrán. Mo ní kí n máa fi ti inú prósẹ́sọ̀ lò ó ná.

Ìdáhùn: Kò sí ti inú prósẹ́sọ̀. Lẹ́tà F tó gbẹ̀yìn orúkọ yẹn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. i5-12400 tí kò ní F ló ní UHD Graphics 730. Ihò HDMI ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù (motherboard) yín kò bàjẹ́, kò kàn sí ẹni tó ń rán nǹkan sí i ni. Ẹ wá káàdì kan yá, bó ti wù kó gbó tó, kí ẹ fi rí i pé nǹkan yòókù ń ṣiṣẹ́.

Ryzen 5 5600 náà kò ní ohun tó ń ya àwòrán nínú. Nínú ìran 5000 ti orí tábìlì, àwọn tó ní G lẹ́yìn ló ní in, bíi 5600G. Kí ẹnikẹ́ni má sì wá rò pé 5600G jẹ́ 5600 pẹ̀lú ẹ̀bùn o! Cache L3 tiẹ̀ jẹ́ 16 MB péré, PCIe 3.0 (ọ̀nà tí prósẹ́sọ̀ fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀) ló sì ń lò dípò 4.0. Tí ẹ bá fi káàdì bíi RX 6500 XT sí i, èyí tí kì í lò ju ọ̀nà PCIe mẹ́rin lọ, ẹ máa rí i kedere pé ó ń fà sẹ́yìn. Ẹni tí kò ní káàdì, tí kò sì ní í rà láìpẹ́, ni G wà fún.

Ìbéèrè: Bọ́ọ̀dù B450 àtijọ́ ni mo ní. Mo fi 5600 sí i, kò tan rárá. Mo dá èyí àtijọ́ padà, ó tan. Mo ti ń rò ó pé kí n lọ gba 12400F.

Ìdáhùn: Ẹ ti yanjú ẹ̀ láìmọ̀. Níwọ̀n bí ti àtijọ́ ti tan, bọ́ọ̀dù náà sàn. Kò tíì mọ 5600 ni. BIOS rẹ̀ (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà) ti wà kí wọ́n tó ṣe prósẹ́sọ̀ yẹn. Ẹ fi ti àtijọ́ sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ lọ sí ojú ewé ilé iṣẹ́ tó ṣe bọ́ọ̀dù náà, ẹ wo àkójọ prósẹ́sọ̀ tó gbà, ẹ wo BIOS tí wọ́n kọ sí iwájú 5600, kí ẹ sì gbé e wọlé. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ yìí, bọ́ọ̀dù lè kú, nítorí náà ẹ yan àsìkò tí iná dá yín lójú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó pààrọ̀.

Ẹ fara balẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yọ fáànù. Lórí AM4, irú ihò prósẹ́sọ̀ tí B450 ní, ara prósẹ́sọ̀ gan-an ni eyín rẹ̀ wà, thermal paste tó ti gbẹ sì lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin fáànù débi pé ẹ ó fa méjèèjì yọ pọ̀, kí eyín sì tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó gbóná díẹ̀, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, ẹ wá rọra yí fáànù sọ́tùn-ún sósì kí ẹ tó gbé e sókè. Ní ti Intel, inú ihò bọ́ọ̀dù ni eyín tirẹ̀ wà, ẹlẹgẹ́ sì ni wọ́n ju ti AMD lọ.

12400F kì í wọ B450. Tí ẹ bá lọ gbà á, ẹ ti ra bọ́ọ̀dù mọ́ ọn nìyẹn. Ẹ má dán an wò.

Ìbéèrè: FPS mi ga, ṣùgbọ́n géèmù máa ń kọsẹ̀ lójijì, á dúró gì, á tún máa lọ. Ryzen 5 5600 ni mò ń lò. Ọ̀rẹ́ mi tó ní 12400F ní tòun kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé bí AMD ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ìdáhùn: Díẹ̀ lára ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ lórí ẹ̀. Ní oṣù kẹta 2022, AMD fúnra wọn gbà pé fTPM (ètò ààbò inú prósẹ́sọ̀) tí Windows ń lò lè mú kí kọ̀ǹpútà Ryzen kan máa kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. BIOS tó gbé AGESA 1.2.0.7 (apá BIOS tí AMD fúnra wọn ṣe), èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ló wò ó sàn. Bí BIOS yín bá ti ju ìyẹn lọ, ẹ wá ẹlẹ́bi síbòmíràn. Bó bá sì gbó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé tuntun wọlé, àmọ́ bí ẹ bá ń lo BitLocker (ètò Windows tó ń ti dísíìkì pa), ẹ tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà rẹ̀ síbi tí ẹ ti lè rí i kí ẹ tó fọwọ́ kan BIOS.

RAM ni mo máa ń yẹ̀ wò tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń bá ọ̀ràn náà jù. Ṣé ẹyọ kan ni àbí méjì? 16 GB tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ń fún prósẹ́sọ̀ ní ọ̀nà kan láti gbà kó ẹrù. 8 GB méjì ń fún un ní ọ̀nà méjì. Bí ihò bá jẹ́ mẹ́rin, ìkejì àti ìkẹrin láti ẹ̀gbẹ́ prósẹ́sọ̀ ló sábà máa ń jẹ́ tiwọn. Ohun kejì tí mo máa ń yẹ̀ wò lára RAM ni XMP, ètò tó ń jẹ́ kó sá eré tí wọ́n kọ sí i lára. RAM tí wọ́n kọ 3600 sí lára kì í sá eré 3600 fúnra ẹ̀. Á máa rìn ní 2133 tàbí 2400 tàbí 2666 títí ẹ óò fi wọ BIOS lọ tan XMP, tí àwọn bọ́ọ̀dù AMD kan ń pè ní DOCP. Mo ti bá kọ̀ǹpútà kan pàdé tó ti ń lo 2133 fún ọdún méjì gbáko. Tèmi ni.

5600 fẹ́ràn DDR4-3600 dáadáa, torí pé ọ̀nà inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Infinity Fabric á máa bá a rìn ní 1800 MHz láìjanpata. Ní ti 12400F, bí bọ́ọ̀dù bá jẹ́ H610 oníDDR4, kì í kọjá 3200. Ẹ má fi owó ra RAM tó yá ju ìyẹn lọ fún un.

Ìbéèrè: 12400F mi ń gbóná dé 98°C nínú géèmù. Ṣé ó ti bàjẹ́?

Ìdáhùn: Rárá, àmọ́ ó ń fa ẹsẹ̀ eré rẹ̀ sẹ́yìn kó má baà bàjẹ́. 100°C ni òpin tirẹ̀, 90°C ni ti 5600. Wọ́n kọ 65 W sí ara méjèèjì, ṣùgbọ́n 12400F lè jẹ tó 117 W bí bọ́ọ̀dù bá yọ̀ǹda, tí 5600 ò sì ní í kọjá 76 W. Síbẹ̀, géèmù kò yẹ kó gbé 12400F dé 98. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fáànù ni kí ẹ tẹ̀ wò: ti Intel tó wá nínú páálí máa ń ṣe bí ẹni pé ó ti wọlé nígbà tí ẹsẹ̀ kan ṣì wà lókè. Tó bá jẹ́ fáànù tí ẹ rà lọ́tọ̀ ni, ẹ wo ìsàlẹ̀ irin ẹ̀ bóyá ọ̀rá tín-ínrín tí wọ́n fi bò ó ṣì wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Iṣẹ́ ọ́fíìsì, íntánẹ́ẹ̀tì àti fídíò ni mò ń ṣe jù. Èwo ló máa yá mi lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Ojú yín ò ní í rí ìyàtọ̀ kankan. SSD àti RAM 16 GB ni kí ẹ fi owó lé.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní nǹkan kan nílẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ tò ó. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Àbúrò, má wo owó prósẹ́sọ̀ nìkan. Ro owó prósẹ́sọ̀, bọ́ọ̀dù àti RAM pọ̀, kí o mú èyí tí àròpọ̀ rẹ̀ kéré, kí o fi ìyókù kún owó káàdì. Nínú géèmù, ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì kéré débi pé géèmù kan á gbè sẹ́yìn 5600, òmíràn á gbè sẹ́yìn 12400F.

Bí àròpọ̀ náà bá wá dọ́gba, ọjọ́ iwájú ni kí o wò. AM4 ti dé òpin ìdàgbàsókè rẹ̀, àmọ́ ibi tó parí sí dára: 5800X3D, tó ní L3 96 MB, ṣì máa wọ bọ́ọ̀dù kan náà lẹ́yìn BIOS tó yẹ. Lórí LGA1700 ti Intel, ihò prósẹ́sọ̀ tí 12400F ń lò, ìran 13 àti 14 máa wọ̀ ọ́. Ní 2024, Intel gbà pé foltéèjì tó pọ̀ jù ń ba púpọ̀ nínú ìran méjèèjì yẹn jẹ́, wọ́n sì gbé microcode 0x129 (ìtọ́sọ́nà fún prósẹ́sọ̀ tó ń bá BIOS wá) jáde ní oṣù kẹjọ láti dá a dúró. 12400F kò sí lára wọn. Ṣùgbọ́n bí o bá máa ra ìran 13 tàbí 14 tí ẹlòmíràn ti lò, béèrè BIOS tí ẹni náà ń lò kí o tó sanwó.

Èmi, 5600 ni màá mú bí mo bá ti ní bọ́ọ̀dù AM4 nílé. Bí mi ò bá ní nǹkan kan bíi tìrẹ, tí owó sì dọ́gba, màá mú 12400F pẹ̀lú bọ́ọ̀dù B660. Kí o rí i dájú bóyá DDR4 ni bọ́ọ̀dù náà ń gbà tàbí DDR5 kí o tó ra RAM, nítorí ọ̀kan kì í wọ ihò èkejì.