Ọ̀lẹ̀ tí kò níyọ̀: bí ọmọ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun

Ògì ni màámi kọ́kọ́ yọ jáde nínú báàgì wọn nígbà tí wọ́n dé láti Ìsẹ́yìn. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù 6 ni, wọ́n sì ti múra tán láti rọ ọ́. Bí wọ́n ṣe rọ èmi àti àwọn àbúrò mi nìyẹn: wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ẹ̀kọ á máa ṣàn wọlé, ó ké ni o, kò ké ni o.

Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, èyí á fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ ẹ́ ni."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọmọ. "Ọmọ tí kò léyín?"

Ẹni tí ọmọ bá ti fi èrìgì gé lọ́mú rí mọ̀ pé èrìgì kì í ṣe nǹkan eré. Oúnjẹ tó bá rọ̀, èrìgì á lọ̀ ọ́. Ohun tí mo ń wò kì í ṣe eyín, bí kò ṣe pé ó ti ń jókòó láìfẹ̀yìn ti nǹkan, kò fi ahọ́n ti nǹkan síta mọ́, ó sì ti ń na ọwọ́ sí àwo mi. Èròjà irin tí ọmọ gbé wá láti inú oyún máa ń dín kù tó bá kù díẹ̀ kó pé oṣù 6, èyí tó wà nínú ọmú kò sì tó o mọ́. Ògì lásán kò lè dí àlàfo yẹn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́kàn lé ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹdọ̀. Ẹdọ̀ kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ o, torí fítámì A inú rẹ̀ pọ̀ jù.

Ọ̀dùnkún ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo sì bà á jẹ́. Mo sè é títí ó fi rọ̀ jù, bí ọmọ ṣe dì í mú báyìí, ó gba àárín ìka rẹ̀ jáde bí ẹrẹ̀. Ní ọjọ́ kejì mo tètè sọ ọ́ kalẹ̀: tí mo bá fi àtàǹpàkò àti ìka kan tẹ̀ ẹ́, kó fọ́, ṣùgbọ́n kó má fọ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀n tí mo ń lò fún gbogbo nǹkan títí di òní nìyẹn. Ìbẹ́pẹ ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ni mo bá ń yí i nínú ẹyin sísè tí mo fọ́ kúnná. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ní tirẹ̀ rọrùn: mo fọ èèpo rẹ̀ mọ́, mo bó o dé ìdajì, ó fi èyí tó kù ṣe ìdìmú.

Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ̀ ló gba ipò kìíní. Mo ra ẹ̀wà olóyin àti ewé eéran ní ọjà Bódìjà. Agolo mílíìkì kan péré ni mo rẹ, torí mi ò lè gbọ́kàn lé fíríìjì nílùú Ìbàdàn tí iná ń lọ tó ń bọ̀ bó ṣe wù ú. Mo bó o, mo lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìdajì tàtàṣé tí mo ti yọ kóró inú rẹ̀ kúrò, àlùbọ́sà díẹ̀ àti ẹyin kan. Mo ti fún un ní ẹyin nìkan lọ́tọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí n lè mọ̀ bóyá ara rẹ̀ máa kọ̀ ọ́. Mo fi ṣíbí epo pupa kan sí i, mo sì fi ẹja sísè tí mo fọwọ́ wá egungun inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kún un. Kò síyọ̀, torí kíndìnrín ọmọ kò tíì lè gbé e. Ìgbà tí mo yíjú, màámi ti ń tú mágí. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Oyin tí wọ́n ní ká fi tọ́ ọ lẹ́nu náà, mo ní ó dọjọ́ tó bá pé ọdún 1. Kòkòrò tó máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà míì léwu fún ọmọ tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀.

Àṣírí ibẹ̀ ni omi. Èyí tí mo kọ́kọ́ sè ṣàn, kò ṣeé gé. Lẹ́ẹ̀kejì mo dín omi kù títí ó fi ki bíi ti àkàrà, mo sè é fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, mo jẹ́ kó tutù dáadáa kí n tó fi ọ̀bẹ kàn án. Mo gé e gbọọrọ, kó gùn tó ìka mi àárín, torí ọmọ oṣù 6 kò lè fi ìka ṣa nǹkan kékeré. Ohun tó bá yọ lórí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ.

Lọ́jọ́ kẹta ó bu èyí tó pọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó húkọ́, ó ń gọ̀ bí ẹni fẹ́ bì. Màámi figbe ta: "Ó ti pá a lórí!" Mo di ọwọ́ wọn mú. Ọmọ tó ń húkọ́ ń mí. Èyí tí kò lè pariwo rárá ni nǹkan há lọ́fun. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dé sórí apá, kí wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín èjìká méjèèjì, kí n tó gbé oúnjẹ kankan fún un. Kí n má parọ́, àyà tèmi náà ń lù kì-kì-kì. Ó tu ọ̀lẹ̀ náà síta, ó wò ó, ó tún kì í bọ ẹnu.

Mi ò jẹ́ kí ẹ̀pà oníhóró dé ọwọ́ rẹ̀ látìgbà náà. Mo máa ń lọ̀ ọ́ kúnná, kí n pò ó mọ́ ọ̀dùnkún. Ọmú sì ṣì ni olórí oúnjẹ rẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ilẹ̀ jẹ ọ̀lẹ̀ jù ú lọ.

Ògì màámi kò ṣòfò. Wọ́n rò ó kó ki, wọ́n pọ́n ọn bí ẹ̀kọ, ó tutù mọ́jú. Láàárọ̀ mo bá wọn ní kíṣìnnì, wọ́n ń gé e gbọọrọ, wọ́n ń fi ìka tiwọn wọ̀n ọ́n.