Ká Ka Orí Náà Tán Kí A Tó Kọ́ni

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ́ kíláàsì àwọn ìyá ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ìjọ wa n'Íbàdàn. Ní oṣù kìíní ọdún kan, mo ka Jeremáyà 29:11 fún wọn: "Nítorí èmi mọ èrò tí mo rò sí yín, ni Olúwa wí." Mo ní kí gbogbo wọn ṣe àmín, pé ọdún náà ò ní í parí kí ìyanu tó wọlé wọn. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ti gba ọ̀nà Líbíà lọ, tí a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó ké àmín ju gbogbo wa lọ. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ó wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, ó ní, "Tíṣà, ọdún ti parí o." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó ka orí náà tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé, ẹ ka odindi orí náà sókè, kí etí yín gbọ́ ọ. Ẹ má tíì ṣí ìwé àlàyé kankan. Ẹ ó rí i pé lẹ́tà ni. Jeremáyà wà ní Jerúsálẹ́mù, ó kọ ọ́ sí àwọn tí Nebukadinésárì ọba ti kó ní ìgbèkùn lọ sí Bábílónì. Ẹsẹ 5 ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà. Ẹsẹ 7 ní kí wọ́n máa gbàdúrà fún ìlú tí wọ́n kó wọn lọ. Ẹsẹ 10 ní àádọ́rin ọdún ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà tó gbọ́ lẹ́tà yẹn, Bábílónì ni wọn yóò kú sí.

Ẹ wá ka orí tó ṣáájú rẹ̀. Ní orí 28, Hananáyà, tó ń pe ara rẹ̀ ní wòlíì, dúró nínú tẹ́ḿpìlì níwájú àwọn àlùfáà àti gbogbo èèyàn, ó ní kí ọdún méjì tó pé, gbogbo nǹkan á ti padà sípò. Jeremáyà ti gbé àjàgà kọ́rùn, àmì pé wọn yóò sin ọba Bábílónì. Hananáyà bọ́ ọ kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ. Ẹ rò ó wò, bí inú àwọn èèyàn yóò ti dùn tó lọ́jọ́ náà! Jeremáyà fúnra rẹ̀ ṣe àmín, ó ní kí Olúwa ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Olúwa kò rán Hananáyà, kò sì ju oṣù keje ọdún náà tó fi kú. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyí: ẹsẹ Jeremáyà ni mo kà, ìwàásù Hananáyà ni mo ṣe.

Ẹ yẹ àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ wò pẹ̀lú. Láti 1884 ni odindi Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ ti wà lọ́wọ́ wa. Nínú ẹsẹ 11, "ìgbà ìkẹyìn" ni wọ́n lò, àwọn ìyá kíláàsì mi sì rò pé òpin ayé ni. Ọjọ́ iwájú ló ń sọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn kàwé. Ẹ bi wọ́n pé: ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń bá sọ ọ́, kí ló ti ṣẹlẹ̀ kó tó sọ ọ́? Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́ kí wọ́n ronú. Èyí tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ó lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì mú èsì rẹ̀ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìlérí náà ṣì jẹ́ tiwa láti kọ́. Àádọ́rin ọdún náà pé, Kírúsì ọba Páṣíà sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ọlọ́run kò gbàgbé àwọn tó wà lókèèrè. Ṣùgbọ́n èmi kò ní àṣẹ láti dá ọjọ́ fún Un.

Mo tún ẹ̀kọ́ náà kọ́, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá yẹn níwájú gbogbo kíláàsì. Ọmọ rẹ̀ kò tíì pè. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, òun ló kọ́kọ́ dé. Ó ti fi ìwé pélébé há ẹsẹ 7, ó sì ní kí a gbàdúrà fún Trípólì, olú-ìlú Líbíà.