Bí A Ṣe Ń Múra Oko Ẹ̀fọ́ Alásansílẹ̀ Sílẹ̀ fún Òjò Àkọ́rọ̀ ní Ìkòròdú

Oko alásansílẹ̀ ni oko tí àwọn ìdílé kan ti san owó ẹ̀fọ́ wọn kí a tó gbìn ín, tí àgbẹ̀ yóò sì máa pín ohun tí oko bá mú jáde fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ará Japan ti ń ṣe irú rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1970, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1986. Kò lè ṣàjèjì sí ẹni tó ti dá àjọ rí. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé onígbèsè ni àgbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti gbowó, nítorí náà ọjọ́ tí apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ yóò jáde ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò.

Ní Ìkòròdú, òjò àkọ́rọ̀ sábà máa ń rọ̀ ní oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kí ó tún dáwọ́ dúró títí oòrùn yóò fi jó èéhù mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe tìtorí òjò kan ṣoṣo ṣe ìlérí. Tẹ̀tẹ̀ ń tó fà tu ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4; ewédú àti ṣọkọ ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 5 tàbí 6; ilá ń tó oṣù 2, ata rodo sì ń ju oṣù 3 lọ láti ìgbà tí a bá ti fọ́n irúgbìn rẹ̀. Bí ẹ bá ti sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ni apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ yóò jáde, a jẹ́ pé tẹ̀tẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wọlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, kí ẹ má sì dárúkọ ata fún ẹnikẹ́ni títí di oṣù Keje. Gbúre àti ewúro tó ti wà lóko tẹ́lẹ̀ ni yóò kún apẹ̀rẹ̀ nígbà náà.

Àkùrọ̀ tó bọ́ yín ní ẹ̀ẹ̀rùn kò ní wúlò mọ́ bí òjò oṣù Kẹfà bá dé, nítorí omi yóò bò ó. Ilẹ̀ òkè ni kí ẹ ṣán báyìí. Ẹ kọ bẹ́ẹ̀dì (ebè fífẹ̀) ní ìbú ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 4, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì la ojú àgbàrá sí àárín wọn. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìgbẹ́ adìyẹ ṣe ajílẹ̀, èyí tí kò tíì jẹrà a máa jó gbòǹgbò. Ẹ ti ọwọ́ bọ àárín òkìtì rẹ̀: bí ó bá ṣì gbóná, tí òórùn rẹ̀ sì ń ta yín nímú, kò tíì jinná.

Irúgbìn ló ń fẹ́ sùúrù jù. Hóró tẹ̀tẹ̀ kéré, ó dúdú, ó sì ń dán. Bí ẹ bá fi ọwọ́ lásán fọ́n ọn, yóò ṣù jọ síbì kan. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ, kí yanrìn pọ̀ jù ú lọ dáadáa, ẹ fi ìka fa ilà tí kò jìn, ẹ fọ́n ọn sí i, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Imọ̀ ọ̀pẹ ni kí ẹ tẹ́ lé e lórí, nítorí òjò líle lè gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí èéhù bá yọjú ni kí ẹ kó imọ̀ náà kúrò. Ti ewédú yàtọ̀: èèpo rẹ̀ yi. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ tì í bọ omi híhó fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10, ẹ yára gbé e sínú omi tútù, kí ẹ sì sá a kí ẹ tó gbìn ín.

Ẹ má gbin gbogbo bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ kan náà. Bẹ́ẹ̀dì 2 lọ́sẹ̀ yìí, 2 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe é lọ. Tẹ̀tẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ti yọ òdòdó, àwọn ìyàwó ilé kò ní fẹ́ ẹ mọ́, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù kò ní rówó gidi ní ọjà Mile 12 nígbà tí tẹ̀tẹ̀ bá ti kún ìgboro.

Ìgbín àti tata yóò jáde pẹ̀lú òjò: ẹ ṣa ìgbín láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ sì fi omi ewé dóńgóyárò wọ́n ẹ̀fọ́ fún àwọn kòkòrò tó ń jẹ ewé.

Ìdájí ni kí ẹ ká ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ ìpín, kí ó sì dé ibi ìpín ní Sábó kí oòrùn tó mú. Alásansílẹ̀ tí kò bá ní lè wá, ẹ ti bá a ṣàdéhùn ṣáájú lórí ẹni tí yóò gbà á, nítorí ewédú tó bá sun inú ọ̀rá mọ́jú kò ṣeé gbé fún ẹni tó ti sanwó.